Ìtàn Friedrich List

A bí Friedrich List ní ọdún 1789 ní ìlú Reutlingen, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Jámánì. Iṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò wu ọmọ. Iṣẹ́ ìjọba ni ó yàn. Nígbà tí ó di ọdún 1817, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Tübingen.

Ní àkókò náà, Jámánì kò tí ì di orílẹ̀-èdè kan. Ìjọba bí mọ́kàndínlógójì ni ó wà níbẹ̀, olúkúlùkù ni ó sì ní oníbodè tirẹ̀. Oníṣòwò tí ó bá ru ẹrù láti ìhà kan dé ìhà kejì yóò san owó bodè títí yóò fi sú u, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń ya wọlé wá bí omi. Ní ọdún 1819, List kó àwọn oníṣòwò jọ ní Frankfurt, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a wó gbogbo bodè àárín ilé, kí a fi ẹyọ kan ṣoṣo sí ẹnu ààlà.

Inú àwọn aláṣẹ kò dùn sí i. Nígbà tí ó di aṣòfin ní Württemberg tí ó sì ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ìjòyè ọba, wọ́n lé e kúrò ní ìgbìmọ̀, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́wàá fún un ní ọdún 1822. Ó sá lọ. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1824, wọ́n tì í mọ́lé. Ìgbà tí ó gbà láti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ní Pennsylvania, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn, ó sì bá àwọn ènìyàn dá ilé iṣẹ́ èédú àti rélùwéè sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí i bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi owó bodè dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ wọn tí kò tí ì gbó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣọgbà yí irúgbìn ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Nígbà tí irúgbìn bá di igi, a lè tú ọgbà náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe kí wọn tó máa wàásù òwò aláìníbodè fún ẹlòmíràn. Ó kọ gbogbo èyí sínú ìwé ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 1841.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá ka ìwé náà ṣọ́ra o: List kò fi ẹ̀kọ́ yìí lọ àwa ará ilẹ̀ olóoru. Lójú tirẹ̀, kí a máa roko, kí a máa fi irè oko gba ọjà Yúróòpù ni ó yẹ wá. Ẹni tí ó rí àrékérekè àwọn Gẹ̀ẹ́sì kedere bẹ́ẹ̀ kò rí ti ara rẹ̀!

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1834, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọba Jámánì wó bodè àárín wọn, Prussia ni ó ṣe aṣáájú. Wọn kò ránṣẹ́ pe List. Ó ti padà dé nígbà náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú Amẹ́ríkà, ó ń jà fitafita kí a lè la ọ̀nà rélùwéè láti Leipzig dé Dresden. Ọ̀nà náà parí ní ọdún 1839, àwọn ẹlòmíràn ni ó sì jèrè rẹ̀. Àìsàn àti àìlówó dojú kọ ọ́, títí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Kufstein, ní ilẹ̀ Austria, ní oṣù kọkànlá ọdún 1846. Nígbà tí a wá la àwọn ọ̀nà rélùwéè ńlá Jámánì, púpọ̀ nínú wọn ni ó gba ibi tí ó ti yà wọ́n sí nínú àwòrán tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1833.