Àlùfáà Samuel Johnson, Oníṣẹ́ Àlàáfíà

Nínú àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé lọ́dún àjọyọ̀ yìí ni Àlùfáà Samuel Johnson, ọmọ ìdílé Ọ̀yọ́, tí a bí ní Hastings, ní Sàró, ní ọdún 1846. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ogun Kírìjì bá a.

Ní 1886, Gómìnà Èkó rán òun àti Àlùfáà Charles Phillips sí àwọn ọba tí ń bá ara wọn jà. Johnson tọ Aláàfin àti àwọn Ìbàdàn lọ. Phillips lọ bá Ọwá Iléṣà àti Èkìtìparapọ̀, tí àwọn baba wa Ìgbómìnà náà wà pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí àwọn tí ó ti ń pa ara wọn bí ọdún mẹ́jọ kì í tètè gba ara wọn gbọ́. Nínú àdéhùn ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ohun tí ó wù wá jù ni pé Aláàfin àti Ọwá yóò tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bíi ti àtijọ́, àwọn ọba Èkìtì yóò sì wà lómìnira. A kéde àlàáfíà ní ibùdó Kírìjì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án.

Ṣùgbọ́n Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà. Ní 1887 ni Ọ̀fà, aládùúgbò wa, ṣubú. Ìjà Ìlọrin àti Ìbàdàn kò sì tán títí di 1893. Ìyẹn ni àbùkù tí a rí nínú rẹ̀.

Johnson di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, ó sì kọ ìtàn Yorùbá. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí. Ó kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ni ó tún un kọ, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.