Nnamdi Azikiwe: láti orí pápá bọ́ọ̀lù dé ipò ààrẹ

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí ń ná ọjà ẹnu ibodè, láti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ títí dé Àjàṣẹ́, ni ó ti fi ọwọ́ kan owó náírà 500. Ọkùnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó náà ni Nnamdi Azikiwe, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Zik. Agbábọ́ọ̀lù ni, oníṣòwò ni, olóṣèlú sì ni.

Ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Zungeru, ní àríwá Nàìjíríà. Ọmọ Ìgbò láti Onitsha ni àwọn òbí rẹ̀. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Haúsá ni Zik ń sọ ní kékeré. Bàbá rẹ̀ rán an lọ sí Onitsha kí ó lè gbọ́ Ìgbò. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó, ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ Yorùbá.

Ní ọdún 1921, ó di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìṣúra ìjọba ní Èkó. Bí iṣẹ́ bá parí, orí pápá ni wọ́n ti ń rí i: ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Diamond. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lára ìwé. Ní ọdún 1925, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fọ abọ́, ó ṣe iṣẹ́ agbára, kí ó lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san. Ó kàwé gboyè, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Lincoln.

Ní ọdún 1934, ó dé sí Accra, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, ó sì di olóòtú ìwé ìròyìn kan. Ìjọba gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí àròkọ kan tí ìwé ìròyìn náà tẹ̀ jáde. Wọ́n dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tí ó ga ju èyí lọ dá a sílẹ̀. Ó padà sí Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1937, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó: West African Pilot.

Kò gbàgbé bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1938, ó dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ZAC. Ẹgbẹ́ náà gba gbogbo ènìyàn, láìka ẹ̀yà tàbí àwọ̀ sí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn agbábọ́ọ̀lù ZAC ń lọ láti ìlú dé ìlú. Bí eré bá parí, Zik a dìde, a sì bá èrò sọ̀rọ̀ nípa òmìnira.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn báńkì Òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò adúláwọ̀ lówó. Ní ọdún 1944, Zik ra báńkì kékeré kan ní Èkó. Òun ni ó wá di African Continental Bank. Ní ọdún yẹn kan náà, òun àti Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀.

Ní ọdún 1954, Zik di olórí ìjọba Agbègbè Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, ní Enugu. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìlú tí ó ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ wọ inú báńkì náà, bẹ́ẹ̀ ni Zik ṣì ní ìpín nínú rẹ̀. Ní ọdún 1956, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ ìwádìí. Adájọ́ àgbà Foster-Sutton ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé Zik fẹ́ kí àwọn adúláwọ̀ ní báńkì tiwọn. Síbẹ̀, ó ní ìwà rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń retí lọ́wọ́ olóòótọ́.

Zik fi ìpín rẹ̀ nínú báńkì náà sílẹ̀ fún ìjọba agbègbè. Ó sì ní kí àwọn ará ìlú dìbò, kí wọ́n fi ìdájọ́ tiwọn hàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1957, wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí.

Ní ọdún 1960, yunifásítì tí ó ti ń là kàkà láti dá sílẹ̀ ní Nsukka ṣí ilẹ̀kùn. Ní ọdún náà, ó di gómìnà àgbà Nàìjíríà. Ní ọdún 1963, ó di ààrẹ àkọ́kọ́. Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996, wọ́n sì sin ín sí Onitsha.

Bí a bá ń rántí òmìnira tí Zik jà fún, ó yẹ kí a rántí báńkì náà pẹ̀lú. Nígbà tí àpò tirẹ̀ àti àpò ìlú bọ́ sí ọwọ́ kan náà, ó pẹ́ kí ó tó jọ̀wọ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó jọ̀wọ́ rẹ̀.