Alexander Fleming àti Ohun tí Ó Hù Nínú Àwo

Ẹ̀yin ọmọ, ó dájú pé ẹ ti rí búrẹ́dì tí ó hùkasí rí. Ohun kan bí òwú, tí ó funfun tàbí tí ó ní àwọ̀ ewé, a máa hù sí i lára. Ìyá yín yóò sì ní kí ẹ lọ jù ú sí ààtàn. Ìbátan olú tí a ń jẹ ni ohun náà. Fọ́ńgáì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe gbogbo ẹbí wọn. Ọkùnrin tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ yìí rí irú rẹ̀ nínú àwo, ṣùgbọ́n kò tètè dà á nù.

Alexander Fleming ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1881, ní oko kan nítòsí ìlú Darvel ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún méje péré ni Alexander nígbà tí bàbá náà kú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún ọdún mẹ́rin ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan kú, ogún pọ́n-ùn 250 sì kàn án. Owó yìí ni ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ilé ìwòsàn St Mary's ní ọdún 1901. Ó di dókítà ní ọdún 1906.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Fleming ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Boulogne, ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé kì í ṣe ọta ìbọn nìkan ni ó ń pa àwọn ọmọ ogun. Kòkòrò àrùn tí ó wọ inú egbò wọn pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Oògùn tí wọ́n ń dà sí egbò tí ó jìn kì í dé ibi tí kòkòrò sá pamọ́ sí, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́. Láti ìgbà náà ni Fleming ti ń wá oògùn tí yóò pa kòkòrò, tí kò ní pa ẹni tí ó ń ṣàìsàn.

Ní ọdún 1928, ó ń tọ́jú kòkòrò àrùn sínú àwọn àwo gíláàsì pẹlẹbẹ. Kì í ṣe ẹni tí tábìlì rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní. Nígbà tí ó ń lọ fún ìsinmi, ó kàn kó àwọn àwo náà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó padà dé ní ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án. Fọ́ńgáì ti hù nínú ọ̀kan lára wọn! Bí ó ti wò ó dáadáa, ó rí i pé gbogbo kòkòrò tí ó wà nítòsí fọ́ńgáì náà ti kú, àwọn tí ó jìnnà sí i kò sì kú. Ó pe ohun tí fọ́ńgáì náà ń sun jáde ní pẹnisílínì.

Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1929. Ṣùgbọ́n oògùn náà kéré jọjọ, ó sì máa ń tètè bàjẹ́. Kò rí i yọ kúrò lára omi tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi í sílẹ̀. Fleming nìkan ni a máa ń yìn nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí, èyí kò sì tọ́.

Ní Oxford, Howard Florey, Ernst Chain àti Norman Heatley tún iṣẹ́ náà gbé. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 1940, wọ́n fi kòkòrò àrùn sí ara eku mẹ́jọ, wọ́n sì fún mẹ́rin ní pẹnisílínì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mẹ́rin tí kò gba oògùn ti kú. Wọ́n wá ń gbin fọ́ńgáì sínú ohun gbogbo tí ọwọ́ wọn bá bà, títí kan póò àwọn aláìsàn! Ní oṣù kejì, ọdún 1941, wọ́n fún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, ní oògùn náà. Egbò ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ gan-an. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ibà rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Àfi bí oògùn ṣe tán! Wọ́n tilẹ̀ ń yọ èyí tí ó bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, kí wọ́n lè tún un fún un. Síbẹ̀ kò tó. Ọlọ́pàá náà kú ní oṣù kẹta.

Báwo ni wọn yóò ṣe mú kí fọ́ńgáì so oògùn púpọ̀? Florey àti Heatley lọ sí Peoria ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo bọ́ fọ́ńgáì náà, irú omi tí àwọn ìyá wa ní Òkè-Àgbò máa ń dà nù kí wọ́n tó lọ àgbàdo fún ògì. Oògùn náà sì pọ̀ sí i lọ́pọ̀ ìlọ́po. Ní ọdún 1943, wọ́n rí fọ́ńgáì mìíràn lára bàrà kan tí ó ti ń rà, èyí tí ó so ju ti Fleming lọ. Àwọn onímọ̀ wá fi ìtànṣán tí a fi ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn tàn sí i. Púpọ̀ kú, ṣùgbọ́n ẹ̀dá àwọn díẹ̀ yí padà, àwọn wọ̀nyí sì ń so oògùn ju ìyá wọn lọ. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹfà, ọdún 1944, pẹnisílínì ti tó fún àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ ní Faransé.

Fleming, Florey àti Chain gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945. Heatley kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Fleming kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé ẹni tí kò bá lo oògùn náà tó yóò kọ́ kòkòrò bí a ṣe ń borí rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 1955, wọ́n sì sin ín sí ilé ìjọsìn St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn dókítà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Enugu nípa yaws, àìsàn tí ó ń da egbò bo ara àwọn ọmọdé ní àwọn abúlé wa. Abẹ́rẹ́ pẹnisílínì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wò ó sàn.