Délé Gíwá: Ọmọ Alágbàfọ̀ Ilé-Ìwé Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń gbé Ọgbà, tí ẹ máa ń gba Adeniyi Jones kọjá, ẹ kúkú mọ Òpópónà Tàlàbí. Nọ́ńbà 25 níbẹ̀ ni Délé Gíwá ń gbé kí wọ́n tó fi bọ́ǹbù pa á. Ikú yẹn ni gbogbo ayé ń sọ. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ díẹ̀ ná, ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ṣe.

Ará Ugbekpe-Ekperi, ní Ìpínlẹ̀ Edo òní, ni àwọn èèyàn rẹ̀, àmọ́ Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta 1947. Ààfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, tálákà sì ni wọ́n. Ìgbà tí baba rẹ̀ di alágbàfọ̀ ní Oduduwa College ni ọmọ náà ráyè wọ ilé-ìwé wa. Mo máa ń rò pé ẹni tí baba rẹ̀ ń fọ aṣọ ọlọ́lá kò ní tètè máa gbọ̀n níwájú wọn.

Ó re Amẹ́ríkà, ó gboyè ní Brooklyn College ní 1977, ó tún kàwé ní Fordham, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ ní New York Times. Ní 1979 ó dé sí Daily Times. Lẹ́yìn náà ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá gbé Sunday Concord lé e lọ́wọ́.

Òfófó àwọn gbajúmọ̀ kì í ṣe tuntun l'Ékòó nígbà náà. Lagos Weekend wà ńlẹ̀, ọ̀pọ̀ wa là ń kà á ní bòókẹ́lẹ́. (Ẹ má sẹ́!) Délé ò bá wọn wá ta ló bá ta lò pọ̀. Ohun tí àwọn alágbára ń ṣe lábẹ́lẹ̀ ló ń wá, ẹ̀rí ló sì ń béèrè.

Ní 1984, òun, Ray Ekpu, Dan Agbese àti Yakubu Mohammed dá Newswatch sílẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kìíní 1985. Ẹ rántí ìgbà yẹn o! Òfin kẹrin ọdún 1984 ti wà: bí ìròyìn bá ti dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni, ìbáà jẹ́ òótọ́. Wọ́n ti fi í ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti Guardian sẹ́wọ̀n. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n yàn láti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gágun Babangida gbàjọba ní oṣù kẹjọ 1985, ó fagi lé òfin náà. Newswatch yìn ín, wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ sójú ìwé. Àfi nígbà tí ọ̀rọ̀ yí. Ní oṣù kẹwàá 1986, wọ́n yọ Ebitu Ukiwe, igbákejì ààrẹ, nípò. Ọjọ́ 17, àwọn SSS pe Délé, wọ́n ní ó fẹ́ kọ apá kejì ìtàn náà, wọ́n tún ní ó ń kó ìbọn wọlé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 19, ẹnìkan gbé lẹ́tà dé bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ìjọba ló ti wá. Délé ti mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ́wọ́. Ìfararora yẹn, lójú tèmi, ni kò jẹ́ kó fura. Kayode Soyinka wà nínú yàrá náà, orí kó o yọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni Délé.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Gloria Okon àti oògùn olóró ló pa á. Àhesọ lèyí, ẹnikẹ́ni ò tíì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Gani Fawehinmi dárúkọ igbákejì ọ̀gá SSS àti ọ̀gá DMI, ó sì jà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní 1987, wọ́n gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́. Àwọn méjèèjì ní àwọn ò mọ̀ sí i, kóòtù kankan ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ní 1993, àwọn oníròyìn mìíràn tó ti ilé Abíọ́lá kúrò dá TheNEWS sílẹ̀ ní Ọgbà wa yìí. Àwọn ló tú àṣírí ìwé-ẹ̀rí Toronto tí Salisu Buhari, olórí ilé aṣòfin, ń gbé kiri ní 1999.

Ní oṣù kejì 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Àbújá pàṣẹ kí ìjọba wádìí ikú àwọn oníròyìn tí wọ́n pa, ti Délé wà nínú wọn. Ẹni tó bá ní fọ́tò rẹ̀ láti ilé-ìwé, kó jọ̀ọ́ mú un wá sípàdé, ká lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tó ń bọ̀.