ÌTÀN BÍṢỌ́Ọ̀BÙ JOSEPH SHANAHAN
Àlejò bíi tiwa ni Bíṣọ́ọ̀bù Shanahan ní ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n bí i ní Ireland ní 1871; ó dé Onitsha ní 1902. Nígbà tó di olórí ìjọ Kátólíìkì níbẹ̀ ní 1905, owó tí wọ́n ti ń fi ra ẹrú sí òmìnira ni ó kó sórí ilé-ìwé abúlé. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní ABD náà ló ń kọ́ ọ ní kátíkísìmù. Bí tíṣà bá kù díẹ̀ káàtó, ìwé àti ìgbàgbọ́ a bàjẹ́ pọ̀. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré mọ iyì tíṣà gidi. Ní 1924 ó dá ẹgbẹ́ àwọn Sister Holy Rosary sílẹ̀, kí àwọn ọmọbìnrin má baà gbẹ́yìn. Ó kú ní Nairobi lọ́jọ́ Kérésìmesì 1943. Ní 1956 wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wá sin sí Onitsha.