George Washington Carver àti Ilẹ̀ tó Ti Ṣá

Bí ẹ bá dárúkọ George Washington Carver fún ọmọ ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé òun ló kọ́kọ́ lọ ẹ̀pà di ohun tí a ń fi pa búrẹ́dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ti ń ṣe é kí Carver tó kọ ìwé kankan nípa ẹ̀pà. Lójú tèmi, ẹ̀pà kọ́ ló tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ni: ilẹ̀ tó ti ṣá, àti àwọn tálákà tó ń ti inú rẹ̀ jẹun.

Ní nǹkan bí ọdún 1864 ni wọ́n bí i, nítòsí Diamond ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹrú ni Mary, ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Moses Carver ló ra obìnrin náà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, àwọn jàǹdùkú a sì máa jí ẹrú gbé lọ tà níbòmíràn. Ọmọ ọwọ́ ni George nígbà tí wọ́n jí òun àti ìyá rẹ̀ gbé. Moses rán ẹnì kan tẹ̀ lé wọn. Ọmọ nìkan ni ẹni náà rí gbé bọ̀, Moses sì fún un ní ẹṣin kan. Wọn kò rí Mary mọ́.

Nígbà tí òmìnira dé, Moses àti Susan, ìyàwó rẹ̀, tọ́ George àti Jim ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà. Ara George kò le, kò sì lè ṣe iṣẹ́ oko tó wúwo. Ọ̀dọ̀ Susan ló ti kọ́ bí a ti ń se oúnjẹ, bí a ti ń fọṣọ àti bí a ti ń ránṣọ, iṣẹ́ tó wá fi bọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, inú igbó ló máa ń wà, tí yóò máa wo ewé àti òdòdó. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é kí ó wá wo ewéko wọn tó ń ṣàìsàn.

Ilé ìwé tó wà nítòsí kò gba ọmọ aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú Neosho, níbi tí Mariah Watkins àti ọkọ rẹ̀ ti gbà á sílé. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Kansas, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Highland kọ lẹ́tà sí i pé àwọn gbà á. Nígbà tó débẹ̀, tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa padà lọ. Ó di ọdún 1890 kí ó tó wọ Simpson College ní ìpínlẹ̀ Iowa, níbi tó ti ń kọ́ àwòrán yíyà àti dùùrù. Ewéko àti òdòdó ló máa ń yà. Etta Budd, olùkọ́ rẹ̀, rí i pé ẹni tó lè ya ewéko báyìí mọ ewéko gan-an, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ames. Ó débẹ̀ ní 1891, òun sì ni akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1894, ó gba ìkejì ní 1896.

Ní ọdún 1896 yẹn kan náà ni Booker T. Washington, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, pè é wá. Owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Kò bá ohun èlò ìwádìí kankan tó dára níbẹ̀. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ṣa ìgò àti agolo lórí ààtàn, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ohun èlò.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó wà ní àyíká Tuskegee ni kò ní ilẹ̀ tiwọn. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń ro, wọ́n sì ń pín ìkórè pẹ̀lú onílẹ̀. Àwìn ni wọ́n ń ra irúgbìn, oúnjẹ àti irinṣẹ́. Òwú ni onílẹ̀ àti oníṣòwò fẹ́ gbà, nítorí náà òwú ni wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bí ìkórè bá dé, gbèsè a gbé e lọ. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣá sí i ni òwú ń dín kù, bí òwú bá ti ń dín kù ni gbèsè ń pọ̀ sí i.

Ewéko pẹ̀lú ń jẹun. Gbòǹgbò ló ń fa oúnjẹ mọ́ omi láti inú ilẹ̀, omi náà ló sì ń gbé e gba inú igi lọ sí ewé. Ọ̀kan nínú oúnjẹ tí ewéko kò lè ṣe aláìní ni náítírójìn. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni náítírójìn, síbẹ̀ òwú kò lè gbà á láti inú afẹ́fẹ́. Ó dà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ létí òkun.

Ẹ̀wà yàtọ̀. Bí ẹ bá fa ẹ̀wà tu, tí ẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀, ẹ ó rí kókó kéékèèké. Inú kókó wọ̀nyí ni àwọn bakitéríà kan ń gbé. Ẹ̀wà ń fún wọn ní ṣúgà. Àwọn náà ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀wà lè jẹ. Bí a bá ro ewé àti gbòǹgbò ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ilẹ̀, oúnjẹ yẹn kù sílẹ̀ fún ohun tí a óò gbìn tẹ̀ lé e. Carver kọ́ ló ṣàwárí èyí. Hellriegel àti Wilfarth ti fi í hàn ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí Carver tó dé Tuskegee. Ohun tí Carver ṣe ni pé ó gbé ìmọ̀ náà dé oko ẹni tí kò ní owó ajílẹ̀.

Ẹ̀wà tí mo ń wí yìí, ẹ̀wà tiwa náà ni, èyí tí a fi ń ṣe àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀. Ìgbà òwò ẹrú ló dé Amẹ́ríkà.

Carver ní kí àwọn àgbẹ̀ gbin òwú lọ́dún kan, kí wọ́n sì gbin ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí ọ̀dùnkún lọ́dún mìíràn. Ó ní kí wọ́n kó ewé jíjẹrà nínú igbó àti ẹrẹ̀ inú àbàtà wá sí oko, nítorí ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ní 1905 ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí bí a ṣe ń mú ilẹ̀ tó ti ṣá bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n kí ni ìwé fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò mọ̀wé kà? Ní 1906, wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ kan tí ẹranko ń fà, wọ́n kó irinṣẹ́ àti irúgbìn sínú rẹ̀, Thomas Campbell sì ń gbé e ká abúlé, kí àwọn àgbẹ̀ lè fojú ara wọn rí i.

Ohun kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ní 1901, nígbà tí Carver ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ Alabama pé kí wọ́n dín òwú kù, àwọn mìíràn láti ilé ẹ̀kọ́ kan náà wà ní Togo, níbi tí àwọn ará Jámánì ti gbà wọ́n kí wọ́n wá kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní òwú gbígbìn. Carver kò bá wọn lọ.

Kò rọrùn láti bá a ṣiṣẹ́. Yàrá méjì tó ń lò mú kí àwọn olùkọ́ kan bínú sí i. Washington fẹ́ kí ó máa bójú tó ọgbà adìyẹ, kí ó sì máa kọ ìròyìn tó péye. Carver kò mọ irú ìṣàkóso bẹ́ẹ̀ ṣe, ìwádìí ló fẹ́ràn. Léraléra ló halẹ̀ pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò lọ.

Ní nǹkan bí 1910, kòkòrò tí ń jẹ òwú dé Alabama. Oko òwú bàjẹ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì yíjú sí ẹ̀pà. Ní 1916 ni Carver tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń gbin ẹ̀pà àti ọ̀nà márùn-dín-láàádọ́fà tí a lè gbà sè é jẹ. Ní 1921, àwọn tó ń gbin ẹ̀pà rán an lọ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lórí owó ibodè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Ọ̀kan nínú wọn fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò bínú. Bó ti ń kó ohun tó fi ẹ̀pà ṣe jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi kún àkókò rẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ yẹn ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn oníwèé ìròyìn ń ka iye ohun tó ti fi ẹ̀pà ṣe, wọ́n ní ó tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ká sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe tuntun, díẹ̀ ló sì dé ọjà. Ẹ̀wà àti ẹrẹ̀ àbàtà kò dùn ún kọ sínú ìwé ìròyìn tó bẹ́ẹ̀.

Carver kò gbéyàwó. Ó fi nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta dọ́là tó ti fi pamọ́ sílẹ̀ fún ìwádìí ní Tuskegee. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1943, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Washington, ọ̀gá tó ti bá a jà tó bẹ́ẹ̀, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà.