Nils Middelboe, agbábọ́ọ̀lù tí kì í gba owó

Ní ọdún 1887 ni wọ́n bí Nils Middelboe. Ilẹ̀ Swídìn ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Dẹ́ńmáàkì ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kristian àti Einar, mọ bọ́ọ̀lù gbá. Nils náà kọ́ ọ. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó mọ eré sá, ó sì mọ fífò. Ó wọ ẹgbẹ́ KB ní Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì.

Ní ọdún 1908, wọ́n ṣe ìdíje Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Dẹ́ńmáàkì bá ẹgbẹ́ kejì ilẹ̀ Faransé gbá bọ́ọ̀lù. Nínú àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀lù Dẹ́ńmáàkì, ìyẹn ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́. Góòlù 9 ni wọ́n jẹ. Faransé kò jẹ ẹyọ kan. Ta ló jẹ góòlù àkọ́kọ́? Nils ni!

Dẹ́ńmáàkì dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì borí wọn. Ní ọdún 1912, ní Stockholm, Gẹ̀ẹ́sì tún borí wọn ní àṣekágbá. Báyìí ni Nils ṣe gba fàdákà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 1913, Nils lọ ṣiṣẹ́ báǹkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ Chelsea gbà á. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ ló ń gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n Nils kò gbà á. Lójú rẹ̀, eré ni bọ́ọ̀lù, báǹkì sì ni iṣẹ́. Nítorí náà, bí Chelsea bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú tó jìnnà, Nils sábà máa ń dúró sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, òun wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wò ó, ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀! Síbẹ̀, Chelsea fi í ṣe olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn.

Ogun ńlá dé ní ọdún 1914. Ogun parí, Nils ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1920, ó lọ sí Òlíḿpíìkì ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Sípéènì jẹ góòlù kan, Dẹ́ńmáàkì kò jẹ rárá.

Lẹ́yìn náà, ó fi Chelsea sílẹ̀, ó padà sí Dẹ́ńmáàkì. Nígbà tó yá, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní KB, ẹgbẹ́ tó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀. Ó tún kọ ìwé nípa bọ́ọ̀lù.

Nils kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ní ẹni ọdún 88. Ọdún náà ni ẹgbẹ́ KB pé 100 ọdún.